Orúkọ Obìnrin Keje

Igbe ni Bàbá Donato máa ń ké tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ẹni pé ohùn tirẹ̀ gan-an ló máa fẹsẹ̀ rìn dé Ítálì. Ọmọ́yẹni tó háyà basement ilé rẹ̀ ní Bridgeland, ní ìlú Calgary ní Canada, ti mọ ariwo yẹn débi pé òun ló fi ń jí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù February 1986, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú bàtà snow lẹ́sẹ̀, tó fẹ́ sáré lọ bá train, ohùn bàbá náà ti wálẹ̀ pátápátá. Ó ń tẹrí ba fún fóònù ara ògiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ léraléra: voi, voi, voi.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ni Ọmọ́yẹni wí nígbà tí bàbá náà gbé fóònù kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ máa ń sọ, àmọ́ ti ìkíni yìí, ó ti fi kọ́ bàbá náà ní Yorùbá, òun náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. “Èèyàn mélòó lẹ ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Ẹnì kan ni. Fadá ìlú wa ni.”

“Kí wá ni voi?”

“Voi, èèyàn púpọ̀ ni,” ni bàbá náà dáhùn. “Àmọ́ níbi tí wọ́n ti bí mi, tó bá jẹ́ àgbà, tàbí fadá, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, a ó máa pè é bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Tu ni ti ọmọdé. Tu ni ti ewúrẹ́.”

Ọmọ́yẹni pariwo, àpò ìwé já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Yéè! Tiwa nìyẹn, Bàbá! Ìwọ àti ẹ̀yin! Mo rò pé àwa nìkan la ní i ni!”

“Gẹ̀ẹ́sì ò ní ẹ̀kọ́ ilé,” ni bàbá náà wí, ó ń mi orí. “You fún ọba, you fún ajá. Àwọn ọmọ ọmọ mi, you ni wọ́n ń pè mí.” Ẹ̀rín pa Ọmọ́yẹni, àmọ́ bàbá náà ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìgbẹ́tì ni Ọmọ́yẹni, ìlú tí àpáta yí ká bí ọgbà. Ìwé nípa òkúta ló ń kà ní yunifásítì, ọdún kejì rẹ̀ nìyí nínú òtútù tó ń wọ eegun. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pe onílé rẹ̀ ní Bàbá, ẹnu ya ọkùnrin náà, ó ní “babbo” làwọn kan ń pe bàbá ní ilẹ̀ àwọn, ta ló kọ́ ọ? Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọ ilé. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni Bàbá Donato. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún po sìmẹ́ńtì ní Calgary yìí, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tony, tó kọ́ ilé sí etí adágún Chestermere, tó sì máa ń wá ní Sunday, tí bọ́ọ̀lù orí yìnyín ò bá sí nínú tẹlifíṣọ̀n.

“Jókòó, ọmọ mi,” ni bàbá náà wí lọ́jọ́ náà. “Wàhálà wà.”

Train lọ, Ọmọ́yẹni jókòó.

Torrescura lorúkọ ìlú bàbá náà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ẹ́ tán sínú òkun. Etí omi ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sí, àwọn Gíríìkì ni, kí wọ́n tó bí Jésù. Ibà ń pa wọ́n, àwọn olè orí òkun ń kó wọn lẹ́rú, ni wọ́n bá pinnu pé àwọn ó gun òkè lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, wọn ò gbé àga, wọn ò gbé wúrà. Baálé kọ̀ọ̀kan hú òkúta ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, èyí tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ wọlé, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ. Ibi tí òkúta kálukú bá ti wúwo fún un débi pé kò lè gbé e mọ́, ibẹ̀ ló kọ́ ilé tuntun sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà ìlú náà fi wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ilé ẹnì kan wà lókè téńté, tí ti ẹnìkejì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún: agbára ọmọ ènìyàn ò dọ́gba.

“Wọ́n ṣì ń bẹ níbẹ̀?” ni Ọmọ́yẹni bi í. “Àwọn òkúta náà?”

“Mo ti tẹ tiwa mọ́lẹ̀ fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Ó ti jẹ wọ inú ní àárín, bí ṣíbí. Ẹsẹ̀ ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ló gbẹ́ ẹ.”

Ọmọ́yẹni mọ òkúta. Ó mọ bí ó ti ń pẹ́ tó kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó lè gbẹ́ òkúta débẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà sì ti sọ fún un pé orí àpáta làwọn baba ńlá tiwọn náà gbé nígbà ogun, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó bá gbàgbé kíláàsì, ó gbàgbé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń retí rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bàbá Donato wá dé orí ìtàn agogo. Ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, gbogbo ọkùnrin Torrescura ti lọ gé àlìkámà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó jìnnà, ó ku àwọn arúgbó, ọmọdé, àti obìnrin, nígbà tí ọkọ̀ mẹ́rìnlá tó kó àwọn olè orí òkun yọ létí omi. Àwọn obìnrin méje bá gun ilé agogo ìjọ lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Wọ́n ń lu agogo náà bí ìlú tó kún fún ọmọ ogun ṣe ń lù ú. Àwọn olè náà dúró ní ìdí òkè, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti ń lu agogo tó báyìí, àwọn ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kejì, okùn agogo já. Àwọn obìnrin mẹ́fà ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìkeje, ẹrú ni, wọ́n rà á ní kékeré lọ́jà etí òkun fún ilé Porzia alásè búrẹ́dì. Láti òdìkejì omi ni wọ́n ti mú un wá, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Obìnrin yìí ló gun igi tí agogo so kọ́, tó fi èjìká ti agogo, tó ń tì í, tó ń tì í, títí di ọjọ́ kẹta, tí àwọn ọkùnrin tó gbọ́ ìró náà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ fi sáré dé, tí àwọn olè sì sá. Nígbà tí wọ́n gòkè lọ bá a, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn létí rẹ̀ méjèèjì. Ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

“Jésù,” ni Ọmọ́yẹni wí wẹ́lẹ́.

“Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ọdún ìlú, ẹ̀ẹ̀meje péré ni alágogo máa ń fa okùn. Bó bá ti ń fà á, á máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè níbi tí ará ìsàlẹ̀ kò ti lè gbọ́ ọ. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ilé tiwa ni alágogo.”

Àwọn obìnrin ló lu agogo, àwọn ọkùnrin ló wá jogún rẹ̀, wọ́n sì tún ní obìnrin ò gbọdọ̀ gun ibẹ̀ mọ́. Ẹ má bi mí, bí ayé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní ìsàlẹ̀ Ítálì ní November 1980, ilé agogo Torrescura wó. Carmine, ẹ̀gbọ́n Bàbá Donato, alágogo tí kò bímọ, ń bẹ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Agogo náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní báyìí, wọ́n ti ṣa àwọn àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n fẹ́ yọ́ wọn rọ òmíràn. Fadá ní kí irú ìbànújẹ́ yìí má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, àwọn ó rọ orúkọ àwọn obìnrin méje náà mọ́ ara agogo. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ orúkọ wọn wà ní Bridgeland, ní Calgary. Ní àárọ̀ Monday, fadá yóò tún pè, kí bàbá kà á fún un, kí alágbẹ̀dẹ lè kọ ọ́ sára amọ̀ tí wọ́n fẹ́ rọ agogo sínú rẹ̀, kó tó pa á dé.

“Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní mo mọ̀ ọ́n.” Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. “Irọ́ ni mo pa. Mi ò rántí ẹyọ kan, àfi ti Porzia. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, ta ni mo fẹ́ máa sọ ọ́ fún níbí? Ó ti lọ. Èmi ni mo máa pa wọ́n, ọmọ mi. Àwọn olè ò rí wọn pa, èmi ni mo pa wọ́n.”

Àánú rẹ̀ ṣe Ọmọ́yẹni. Ó pe Abímbọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Castleridge, ó ròyìn fún un lórí fóònù. “Sister mi, wetin concern you?” ni Abímbọ́lá wí. “Thesis rẹ ńkọ́? Ìgbà tí o bá fail, ṣé Porzia ló máa bá ọ bẹ supervisor?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ kò wọlé sí Ọmọ́yẹni létí. Lókè orí rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ bàbá náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń dárúkọ gbogbo ẹni mímọ́ tó wà lọ́run bóyá ọ̀kan á bá a mu.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni Ọmọ́yẹni rántí rẹ́kọ́dà. Bùrọ̀dá rẹ̀ kan ló gbé e wá sí Ìgbẹ́tì nígbà tí Ọmọ́yẹni wà ní kékeré, ó ní kí ìyá àgbà ki oríkì ilé wọn kí òun gbà á sílẹ̀. Ìyá àgbà jókòó, ó lanu, kò sí nǹkan. Ojú tì í. Ó ní “ó wà lẹ́nu mi o,” àmọ́ kò jáde. Ni ẹnì kan bá gbé ọmọ tuntun fún un pé kó bá wọn wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe da omi sí ọmọ náà lẹ́yìn báyìí, tó gbé e sókè, tó tún da omi sí i, oríkì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí ẹni ń já ìlẹ̀kẹ̀, títí teèpù fi tán. Kì í ṣe orí ìyá àgbà ló tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, chinook fẹ́, atẹ́gùn gbígbóná yẹn tó ń ti orí òkè ìwọ̀ oòrùn wá, tí snow á fi di omi lójú ẹni. Ọmọ́yẹni fa bàbá náà lọ́wọ́ lọ sínú gáréèjì tó ń pọn wáìnì rẹ̀ sí. Ó ti rí okùn, ó ti rí igi àjà, ó ti rí àpò sìmẹ́ńtì kan tó ṣẹ́ kù láti ayé iṣẹ́. Ó gbé okùn kọjá lórí igi, ó so àpò mọ́ ẹnu kan, ó na ẹnu kejì sí bàbá.

“Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?”

“Ẹ fà á, Bàbá. Ẹ má ronú nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa fà á bí wọ́n ṣe kọ́ yín.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Ó fà á, àpò gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀, gbì. Kò sí nǹkan. Ó tún fà á. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹwàá, orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra wọn, èjìká rẹ̀ ń bá okùn lọ, ojú rẹ̀ ti kúrò ní Bridgeland. Ohùn kan wá jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Ọmọ́yẹni ò gbọ́ rí, ohùn ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ.

“Porzia, ti ilé búrẹ́dì!” Gbì. “Vita, arọ tó gun òkè!” Gbì. “Lucrezia, opó ọkọ mẹ́ta!” “Agnese, ọmọ akọ̀wé!” “Caterina, ẹlẹ́ran!” “Menica, olójú kan!”

Ara Ọmọ́yẹni bù máṣọ. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Irinwó ọdún, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sínú gáréèjì tó ń rùn wáìnì ní Canada, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ àti ojú tó fọ́. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, bàbá ṣí fìlà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “E voi.” Okùn dúró.

“Ìkeje ńkọ́, Bàbá?”

“Kò sí. Ibi tó máa ń mọ nìyẹn.” Òógùn bo ojú rẹ̀. “Bàbá mi, tó bá débẹ̀, á ní ‘e voi’, ‘ẹ̀yin náà’. Èmi àti Carmine ló ń bá wí, pé ó kàn wá, ká wá gba okùn. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti dárúkọ ti ìkeje ṣáájú, èmi ni mi ò gbọ́ ọ.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n tún un ṣe, títí àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà fi bó. Orúkọ mẹ́fà, á ṣí fìlà, “e voi”. Obìnrin keje kọ̀, kò wọlé.

Tony dé láàárọ̀ Sunday, ó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó bínú. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kò ní sùúrù. “Pa, put Maria,” ló wí. “Ìlú wo ló wà ní Ítálì tí kò ní Maria? Ta ló máa mọ̀?” Bàbá náà wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dáa, Maria lòun ó sọ fún fadá. Ọmọ́yẹni tó ń wọ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Obìnrin tó fi èjìká gba ìlú là, wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀ títí ayé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni, kí ni tiẹ̀ níbẹ̀? Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, ó yà sílé Abímbọ́lá ní Castleridge fún oúnjẹ ọ̀sán. Títus, ọkọ Abímbọ́lá, enjiníà ni, ó ju Ọmọ́yẹni lọ dáadáa. Bó ṣe wọ yàrá ni Ọmọ́yẹni dìde díẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé o. Ẹ̀yin náà ò lọ wo chinook níta?”

Súmbọ̀, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọ́n bí sí Calgary, gbé ojú kúrò lórí jollof rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì. “Auntie, who else?”

“Who else kí ni?”

“Mommy said ẹ̀yin is for plenty people. It's just Daddy.”

“Plenty people ni Daddy rẹ,” ni Abímbọ́lá wí, “ṣé o ò rí ikùn ẹ̀ ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹni náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò parí. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwo.

“Ó ṣí fìlà,” ló wí.

“Ta ló ṣí fìlà?”

“Mo rò pé òógùn ló ń nù! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀ẹ̀meje ló ṣí i lójú mi!” Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

“Ọmọ́yẹni, jollof rẹ ńkọ́?”

“Gbé e sínú fridge!” Títus ò tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kankan, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gbé e dé ibùdókọ̀ train ní Whitehorn. Gbogbo ọ̀nà, Ọmọ́yẹni ń bẹ Ọlọ́run pé kí fadá má lọ fi ìwàǹwára pè kó tó di Monday.

Tony ti lọ nígbà tó dé. Bàbá Donato jókòó ní kíṣìnnì, ó tẹ́jú mọ́ ògiri.

“Bàbá, ẹ dìde. Ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Ọwọ́ mi ti bó, ọmọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bẹ̀ yín.”

Ó tẹ̀lé e lọ sí gáréèjì nítorí pé kò lè kọ̀ fún un. Porzia, Vita, Lucrezia, Agnese, Caterina, Menica. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí fìlà.

“Ẹ dúró!” ni Ọmọ́yẹni kígbe. “Kí lẹ fi ṣí fìlà?”

Bàbá náà wo fìlà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un. “Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń ṣí i.”

“Ó ń làágùn ni?”

“Bàbá mi? Kì í ṣí fìlà fún òógùn. Kì í ṣí i fún dókítà.”

“Ó wá máa ń ṣí i fún ọmọ rẹ̀ méjì, tó fẹ́ kí wọ́n wá gba okùn?”

Bàbá Donato yí fìlà náà padà lọ́wọ́. Omi snow ń kán láti orí òrùlé, tó, tó, tó.

“Bàbá, ṣé ọdún kan wà tí Carmine ò gòkè, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ bá bàbá yín lọ?”

“Ọdún tó wà nínú iṣẹ́ ológun,” ni bàbá náà wí díẹ̀díẹ̀. “Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Èmi nìkan ni.”

“Kí ni bàbá yín máa ń pè yín, ẹ̀yin nìkan?”

“Tu. Tu ni. Ọmọ rẹ̀ ni mí.”

“Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn Menica, kí ló wí?”

Bàbá náà gbójú sókè sí igi àjà. “Ó ṣí fìlà. Kò wojú mi. Òkè ló ń wò, ibi igi agogo.” Ó gbé ọwọ́ sáyà. “Ó ní, e voi.”

Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò tilẹ̀ gbìyànjú láti nu ojú. “Tu ni wọ́n ń pè é,” ló wí. “Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ilé yẹn. Tu, pọn omi wá. Tu, gbé ìyẹ̀fun. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí lorúkọ rẹ. Ó wá kú tán, wọ́n fẹ́ dárúkọ rẹ̀, wọ́n wo ara wọn…”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n,” ni Ọmọ́yẹni wí. Omi ti dà lójú tirẹ̀ náà. “Kò sí nǹkan tí wọ́n lè fún un mọ́. Wọ́n wá fún un ní ẹ̀yin.”

“Mo sì fẹ́ pè é ní Maria,” ni bàbá náà wí.

Fadá pè ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Monday. Bàbá Donato nàró gbọnrangandan níwájú fóònù, ó wọ tie. Ó ka mẹ́fà. Ó sọ ìkeje. Ní òdìkejì ayé, fadá ní kí bàbá tún un sọ, kí òun kọ ọ́ dáadáa.

Ní June, lọ́jọ́ tí wọ́n so agogo tuntun kọ́, fadá gbé fóònù sí ojú fèrèsé kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní Calgary. Àárọ̀ ni níbí, ọ̀sán ni lọ́hùn-ún. Tony wá, ó gbé ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá, gbogbo wọn kóra jọ sí kíṣìnnì, Bàbá Donato sì gbé etí fóònù sókè láàárín wọn. Agogo dún láti òkèèrè, ó kéré, ó mọ́. Bàbá Donato ń bá a dárúkọ wọn: Porzia. Vita. Lucrezia. Agnese. Caterina. Menica.

Ọmọ́yẹni ń ronú nípa òdìkejì omi. Bóyá ìyá kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sí ọwọ́, tó sọ ọ́ lórúkọ, tó ń pe orúkọ náà kiri etí òkun lọ́jọ́ tí wọn ò rí ọmọ náà mọ́. Orúkọ wà. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ mọ́ láéláé.

Agogo dún lẹ́ẹ̀keje. Bàbá Donato ṣí fìlà. Tony wo bàbá rẹ̀, ó ṣí tirẹ̀ náà. Kí Ọmọ́yẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀ kíṣìnnì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà,” ló wí. “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun.”

“Nonno,” ni ọmọ Tony bi bàbá àgbà rẹ̀ léèrè, ó ń wò yíká, “how many people is she talking to?”

“Ẹnì kan ni,” ni Bàbá Donato wí.